Orúkọ Tí Wọn Kì í Pè Níbi Ìyan-Gàrí

Bí èèyàn bá fẹ́ gbọ́ èébú tó jinná sí àwọn àlejò tó ń wọ ìlú, kó má wulẹ̀ tan rédíò. Kó gba ojú ọ̀nà Awo lọ láàárọ̀ ní Ẹdẹ, kó yà síbi ìyan-gàrí, kó bèèrè Ìyá Àbíjà. Yóò bá a nídìí agbada, èéfín á ti bo ojú rẹ̀, igbá tó fi ń yí gàrí á wà lọ́wọ́ rẹ̀, ẹnu rẹ̀ á sì máa ṣiṣẹ́ bí ẹ̀rọ tí ń lọ ẹ̀gẹ́. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ti mọ̀ pé ẹnu yẹn ló ń mú ọwọ́ yẹn yá. Lọ́jọ́ tí kò bá rí ẹni bú, gàrí rẹ̀ kì í gbẹ dáadáa.

Àwáwù ni orúkọ rẹ̀. Ẹdẹ ni wọ́n bí i sí, Ẹdẹ ló lọ́kọ sí, Ẹdẹ náà ló sin ọkọ sí. Ibi tó jìnnà jù tí ẹsẹ̀ rẹ̀ dé ni Ìbàdàn, nígbà tó sì padà dé, ó ní òun kò rí nǹkan kan tí wọ́n ń wò níbẹ̀. Síbẹ̀, Ìyá Àbíjà ni gbogbo àdúgbò ń pè é, nítorí pé Zakariyah, ọmọ kan ṣoṣo tó kù ú kù, wà ní Àbíjà, ní ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, láti ìgbà tó ti di géńdé. Obìnrin tó kórìíra àlejò jù lọ ní Ẹdẹ ni wọ́n fi orúkọ ìlú onílùú pè, òun náà sì ń dáhùn.

Ó ní orúkọ mìíràn tẹ́lẹ̀. Ràṣídì ni àkọ́bí rẹ̀, nítorí náà Ìyá Ràṣídì ni wọ́n ń pè é, bí wọ́n ṣe ń fi orúkọ àkọ́bí pe gbogbo abiyamọ. Lẹ́yìn tí Zakariyah ti lọ sí Àbíjà, Ràṣídì ra ọ̀kadà, ọ̀kadà náà kò sì pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹnìkan gùn ún lọ́sàn-án gangan, ó ní kó gbé òun lọ sí ìlú Ara. Òkú Ràṣídì ni wọ́n rí nínú oko lẹ́bàá ọ̀nà. Wọn kò rí ọ̀kadà, wọn kò sì rí ẹni tó gùn ún. Ẹnìkan wá sọ pé òun rí ọkùnrin náà fìrí, pé ojú rẹ̀ kò jọ ojú ará ibí. Gbogbo ẹ̀rí tó wà nílẹ̀ kò ju ìyẹn lọ. Ọlọ́pàá kò mú ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n Àwáwù mú tirẹ̀: ó mú gbogbo ẹni tí Yorùbá ẹnu rẹ̀ kò bá ti dọ́gba pẹ̀lú ti Ẹdẹ.

Láti ọjọ́ ìsìnkú náà ni àwọn àgbà agbo ilé ti kìlọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pe obìnrin yìí ní Ìyá Ràṣídì mọ́. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn. Wọn kì í fi orúkọ ọmọ tó ti kú pe ìyá rẹ̀, kí wọ́n má baà máa tún ọgbẹ́ dá sí i lára. Orúkọ náà kúrò nílẹ̀ pátápátá. Àwọn tó jẹ́ ọmọdé nígbà náà ti di abiyamọ báyìí, wọn kò sì mọ̀ pé ó fìgbà kan jẹ́ nǹkan mìíràn yàtọ̀ sí Ìyá Àbíjà.

Zakariyah kò wálé rí láti ìgbà tó ti lọ. Á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù lásìkò ààwẹ̀, á tún pè é ní Iléyá, á ní ọdún tó ń bọ̀ ni òun ń bọ̀. Àwáwù á ní, "Àmín," á sì lọ gbá yàrá tí ọmọ náà fi sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í sùn nínú yàrá náà. Kò sí ohun mìíràn tí obìnrin yìí tún ń tọrọ lọ́dọ̀ Ọlọ́run mọ́, ju pé kí ẹ̀jẹ̀ òun kan ṣoṣo padà wá sùn sínú yàrá yẹn kí òun tó kú, kó má jẹ́ pé aládùúgbò ni yóò ti ilẹ̀kùn ilé òun pa lẹ́yìn òun. Bó bá kírun tán, ohun tó máa ń sọ nìyẹn, a máa sọ ọ́ sókè, ojú kì í sì í tì í.

Lásìkò òjò tó kọjá ni Zakariyah pè, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Màmá, ara mi kò yá. N kò rò pé mo tún lè rin ìrìn yẹn mọ́. Ṣùgbọ́n màá fi Fàdìlàt ránṣẹ́ sí yín, kó wá máa bá yín gbé."

Fàdìlàt ni ọmọ rẹ̀ obìnrin, òun nìkan ló sì bí. Àwáwù kò rí i rí. Kò tilẹ̀ rí fọ́tò rẹ̀, nítorí fóònù onítọ́ọ̀ṣì ló ń lò. Ẹkún ló fi dá Zakariyah lóhùn, ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ fi máa mọ́, ẹkún ti tán, ayọ̀ ló kù. Ó ní kí wọ́n kun yàrá náà ní ọ̀dà funfun. Ó ra tìmùtìmù, ó ra híjáàbù tuntun, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé ọmọ Ẹdẹ kan ń bọ̀ láti Àbíjà. Ó ti máa ń rí àwọn ará Ejìgbò tó ń ti Àbíjà bọ̀ wá ṣọdún: wọ́n á sọ̀ kalẹ̀ nínú bọ́ọ̀sì pẹ̀lú àpótí ńláńlá, góòlù á wà lọ́rùn wọn, wọ́n á máa fi imú sọ Faransé. Bí Fàdìlàt yóò ṣe dé gẹ́lẹ́ nìyẹn lójú tirẹ̀.

Nígbà tó ń retí ọmọ yìí lọ́wọ́ ni ọ̀rọ̀ àwọn àgànyìn bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná níbi ìyan-gàrí. Àwọn obìnrin tó ń ti Tógò àti Kùtọnu wá ni wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Ara ni wọ́n ń gbé, lábẹ́ àtíbàbà onípáànù kan lẹ́bàá oko, ọkọ̀ akẹ́rù kan a sì máa kó wọn wá sí Ẹdẹ láti wá bó ẹ̀gẹ́. Wọ́n ń bó o kíákíá, wọn kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, ohunkóhun tí wọ́n bá sì fún wọn ni wọ́n ń gbà. Nǹkan mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ni Àwáwù kò lè dárí rẹ̀ jì wọ́n.

Lọ́jọ́ kan tí òjò dá iṣẹ́ dúró, gbogbo obìnrin náà kóra jọ sábẹ́ páànù, Àwáwù sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu wọn.

"Ẹ̀yin ẹ dákẹ́, kí n bá yín sọ òótọ́ ọ̀rọ̀," ó ní. "Ṣé ẹ rántí iye tí wọ́n ń fún wa láti bó agbọ̀n ẹ̀gẹ́ kan? Àwọn wọ̀nyí dé, wọ́n ní àwọn á gba ìdajì. Ta ló tún fẹ́ pè wá? Wọ́n á kóra wọn sínú yàrá kan bí ẹja inú agolo, onílé á rí i pé owó ń wọlé, á ní kí ọmọ onílùú kó ẹrù rẹ̀ jáde. Àwọn ọmọge wọn ń wo ojú ọkọ ọlọ́kọ. Èyí tó tilẹ̀ burú jù ni pé wọn kò lẹ́kọ̀ọ́. Ìwọ, ìwọ, ni wọ́n ń pe àgbà! Lánàá, ọ̀kan tí mo lè bí ìyá rẹ̀ wò mí lójú kòró, ó ní, 'O káàárọ̀.' Èmi Àwáwù! 'O káàárọ̀!'"

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Kúlúsúmù, obìnrin kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ kò tíì pọ̀, tó fẹ́ràn Àwáwù bí ẹní máa kú, sín ohùn náà jẹ, "O káàárọ̀, o káàárọ̀," ẹ̀rín tún bú jáde.

Àkànkẹ́ kò rẹ́rìn-ín. Ará Alajue ni Àkànkẹ́, àgbẹ̀ olórìṣà ni wọ́n nílé wọn, òun àti Àwáwù sì ti jọ ń yan gàrí láti ìgbà tí ọmú wọn ti wà lókè. Òun nìkan ló lè já Àwáwù ní koro kó sì jókòó tì í.

"Àwáwù, má bínú sí mi," ó ní. "Ta ló fẹ́ bó ẹ̀gẹ́ nínú àwọn ọmọ tiwa? Kúlúsúmù tó ń rẹ́rìn-ín yìí, ọmọ rẹ̀ àgbà ń kọ́ irun dídì, àbúrò rẹ̀ ń tẹ fóònù látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Kí àwọn àgànyìn tó dé, ṣebí ẹ̀gẹ́ ń rà mọ́ wa lọ́wọ́ níbí ni? Owó tí o ní ó wálẹ̀ yẹn, ta ló fà á wálẹ̀? Ẹni tó ń san án ni. Ẹ kò lè bá ẹni tó ń san án jà, ẹ wá ń bá ẹni tó ń gbà á jà."

"Ọ̀rẹ́ àgànyìn," Kúlúsúmù ní.

"Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo fẹ́ bi ọ́ léèrè," Àkànkẹ́ ní, kò wo ojú Kúlúsúmù rárá. "Zakariyah wa tó wà ní Àbíjà, kí ni wọ́n ń pè é níbẹ̀? Ṣé ọmọ onílẹ̀ ni?"

Òjò ń lu páànù lórí. Àwáwù gbé igbá ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ jẹ́jẹ́.

"Zakariyah kò pa ọmọ ẹnikẹ́ni," ó ní.

Bí iyàn náà ṣe parí nìyẹn. Òótọ́ ni gbogbo ohun tí Àkànkẹ́ sọ, kò sì sí ẹni tí kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ nínú wọn, ṣùgbọ́n ìyá tó gbé òkú ọmọ rẹ̀ sí àárín ìjókòó, ta ni yóò tún bá a jiyàn? Wọ́n fẹnu kò pé láti Àlàmísì tó ń bọ̀, àgànyìn kankan kò gbọdọ̀ bó ẹ̀gẹ́ níbẹ̀ mọ́. Ọwọ́ ara wọn ni wọn yóò fi dá ọkọ̀ wọn padà.

Nígbà tó di Àlàmísì náà, ọkọ̀ dé bó ṣe máa ń dé. Àwọn obìnrin Ẹdẹ ti dúró dè é, òmíràn mú igi ìdáná dání, òmíràn mú ọ̀bẹ ìbógẹ̀ẹ́. Àwọn àgànyìn sọ̀ kalẹ̀ pẹ̀lú abọ́ wọn, wọ́n kọ́kọ́ rò pé eré ni. Nígbà tó yé wọn pé kì í ṣe eré, èyí tó dàgbà jù nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá tí kò já gaara bẹ̀bẹ̀, ó ń nawọ́ sí ẹnu rẹ̀, ó ń nawọ́ sí ikùn rẹ̀. Kúlúsúmù ń sín in jẹ.

Ọmọbìnrin kan jáde láàárín wọn. Ó tín-ín-rín, bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún kò jọ tòsì, kò mú ọ̀bẹ, ẹrù kékeré kan tí wọ́n fi aṣọ di ló gbé mọ́ àyà. Ẹ̀rín wà lẹ́nu rẹ̀. Nínú gbogbo ìjà tó wà nílẹ̀ yẹn, ó ń wo agbada, ó ń wo èéfín, ó ń wo gàrí bí ẹni tó ti gbọ́ ìròyìn wọn rí. Ọ̀dọ̀ Àwáwù ló wá tààrà, bóyá nítorí pé òun ló dàgbà jù. Kò kúnlẹ̀. Ó na ọwọ́ sí i kó bọ̀ ọ́.

"O káàárọ̀," ó ní. "Mo ń wá Ìyá Ràṣídì. O mọ̀ ọ́n?"

Àwọn ọ̀dọ́ wo ara wọn lójú, wọ́n ń bèèrè ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà kò lè wo ibì kankan. Àkànkẹ́ gbé ọwọ́ lé orí.

Àwáwù gbọ́ orúkọ náà. Ìgbà tó gbọ́ ọ kẹ́yìn, wọn kò tíì fi erùpẹ̀ bo Ràṣídì. Ará Ẹdẹ kò jẹ́ pè é. Ta ló wá lè mọ̀ ọ́n nínú àwọn àjòjì wọ̀nyí? Ẹni tó gun ọ̀kadà lọ sí Ara lọ́jọ́ náà ni. Ó dá Àwáwù lójú pé Ràṣídì ti bẹ ọkùnrin náà, pé ó ti sọ fún un pé, "Má pa mí, èmi ni Ràṣídì, mo ní ìyá nílé." Ó ti ro èyí lórí ẹní láìmọye ìgbà. Ní báyìí, wọ́n wá gbé orúkọ náà bá a níwájú agbada rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀rín bò ó.

Ó gbá ọmọ náà létí, abọ́ sì bọ́ lọ́wọ́ àgànyìn kan lẹ́yìn.

"Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ọ?"

"Bàbá mi," ọmọ náà ní, ó di ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. "Bàbá mi ló ní kí n..."

"Bàbá rẹ̀!" Àwáwù yíjú sí àwọn èèyàn rẹ̀, ohùn rẹ̀ ya. "Ẹ gbọ́ o! Ó ní bàbá òun ni! Ọmọ ẹni tó pa ọmọ mi rèé o!"

"Ẹ ní sùúrù!" Àkànkẹ́ ké. "Ẹ jẹ́ ká bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀! Ẹ bi í!"

Ta ló fẹ́ bèèrè orúkọ? Ọwọ́ ti ń yún wọ́n. Wọ́n lu ọmọ náà, wọ́n fa irun rẹ̀, ẹni tí kò sì mọ ẹni tí Ràṣídì í ṣe rárá lu tirẹ̀. Kúlúsúmù já ẹrù àyà rẹ̀ gbà, ó ti ẹrù náà sábẹ́ agbada, iná sì gbà á. Ọmọ náà fẹ́ ki ọwọ́ bọ iná láti yọ ọ́, wọ́n fà á sẹ́yìn. Ó ń ké ní Faransé, ó ń ké ní èdè mìíràn tó yàtọ̀ sí ti Faransé, ẹ̀ẹ̀kọ̀ọ̀kan ni Yorùbá ń bọ́ sí i, "Bàbá mi, bàbá mi," ìyẹn gan-an ló sì ń dá kún iná wọn. Àwáwù gbé garawa omi ẹ̀gẹ́, èyí tó ti kan láti ìjẹta, ó da gbogbo rẹ̀ lé e lórí.

"Ẹ máa lọ sílé yín!" ó kígbe mọ́ gbogbo wọn.

"Ẹ máa lọ sílé yín!" àwọn obìnrin gbè é, wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí i. "Ẹ máa lọ sílé yín! Ẹ máa lọ sílé yín!"

Pẹ̀lú ìpàtẹ́wọ́ yẹn ni ọkọ̀ náà fi padà lọ sí Ara. Ọmọ náà wà lẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wo Àwáwù títí ọ̀nà fi yà. Àwọn obìnrin padà sídìí iṣẹ́. Gàrí ọjọ́ náà ń rùn díẹ̀ nítorí aṣọ tó jóná lábẹ́ agbada, ṣùgbọ́n wọ́n gbé e lọ sọ́jà, wọ́n sì rà á tán. Àwáwù jẹun yó lálẹ́, ó sùn fọnfọn, nǹkan tí kì í sábà ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, lẹ́yìn tí wọ́n kírun Jímọ̀ tán, fóònù rẹ̀ dún. Ọkùnrin ni, Yorùbá Ejìgbò ló ń sọ.

"Ṣé Ìyá Zakariyah nìyẹn? Ẹ kú ọ̀sán mà. Àbíjà ni mo ti ń pè yín, èmi àti Zakariyah la jọ ń ṣiṣẹ́. Ṣé Fàdìlàt ti dé ọ̀dọ̀ yín?"

"Kò tíì dé," Àwáwù ní. "À ń retí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ńkọ́?"

Ọkùnrin náà mí kanlẹ̀. "Màmá, mo rò pé ọmọ náà á ti sọ fún yín. Zakariyah ti ṣaláìsí. A ti sin ín. A fẹ́ pè yín nígbà náà, ọmọ náà ló ní ká má pè, ó ní òun fẹ́ dé ọ̀dọ̀ yín, kí òun dì mọ́ yín kí òun tó sọ ọ́."

Àwáwù jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Kò tíì sunkún. Ohùn náà ṣì ń bọ̀.

"Ọmọ náà gan-an ló ń já mi láyà báyìí. Ó ti yẹ kó dé. Ó yá fóònù pè mí láti Ṣẹ̀mẹ̀, ó ní wọ́n ti jí owó òun àti fóònù òun ní bodè. Ṣùgbọ́n ó ní Ọlọ́run ṣe é, òun rí àwọn obìnrin kan tó ń lọ bó ẹ̀gẹ́ lọ́nà Ẹdẹ, pé wọ́n ń fún òun lóúnjẹ, wọ́n á mú òun débi ìyan-gàrí. Inú rẹ̀ ń dùn. Ó ní bí òun bá ti débẹ̀, òun á bèèrè Ìyá Ràṣídì, òun ti délé nìyẹn."

"Ta ló ní kó bèèrè bẹ́ẹ̀?" Ohùn Àwáwù kò ju ti ẹni tó ń sùn lọ.

"Zakariyah ni, màmá. Ṣé ó lè dárúkọ ìyá rẹ̀ ni? Ìyá Ràṣídì ló máa ń pè yín bó bá ń sọ ìtàn ilé fún un. Ọmọ náà kò mọ orúkọ mìíràn tí ẹ ń jẹ́." Ọkùnrin náà gbìyànjú láti rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bó bá sì dé tó ń sọ 'o' fún yín, ẹ má bínú sí i. Ẹnu bàbá rẹ̀ nìkan ló ti gbọ́ Yorùbá, bàbá rẹ̀ kò sì lè sọ 'ẹ' fún un. Kò rí àgbà kankan tí wọ́n ń kí níbí. Ó di dàńṣíkí tí Zakariyah wọ̀ kúrò nílé mọ́ ẹrù rẹ̀, ó ní ẹ̀yin ni òun ń mú un bọ̀ fún."

Fóònù náà bọ́ sílẹ̀. Àwáwù kò mú un. Ó dìde, ó rìn láìwọ bàtà lọ síbi ìyan-gàrí. Wọ́n ti ṣíwọ́ nítorí Jímọ̀, kò sí ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ó kúnlẹ̀ nídìí agbada, ó fi ọwọ́ méjèèjì tú eérú títí ó fi kan ilẹ̀ pupa. Eérú lásán ni. Wọ́n ti dá iná mìíràn lé e láàárọ̀, òun fúnra rẹ̀ wà lára àwọn tó dá a.

Àkànkẹ́ bá a níbẹ̀. Nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà, kò sọ pé, "Mo sọ fún yín." Ohun tó sọ burú jù bẹ́ẹ̀ lọ.

"Mo ní kí ẹ bi í ní orúkọ bàbá rẹ̀," ó ní, ó sì jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún Zakariyah.

Àwáwù kò dúró sunkún. Ó dá ọ̀kadà kan dúró, ó ní Ara ni òun ń lọ. Láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé òkú Ràṣídì gba ọ̀nà yẹn wálé, kò tíì tọ̀ ọ́ rí. Bí wọ́n bá fẹ́ ra ẹ̀gẹ́ ní Ara, ẹlòmíràn ni wọ́n máa ń rán. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó jókòó sẹ́yìn ọlọ́kadà, wọ́n kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko náà gan-an, kò sì wò ó. Àdúrà kan ló wà lẹ́nu rẹ̀, ó ń tún un kà bí ìgbà tí èèyàn ń ka tẹ̀súbáà: kí ọmọ náà má tíì lọ, kí ó ṣáà má tíì lọ.

Kò tíì lọ. Àwọn àgànyìn wà lábẹ́ àtíbàbà wọn, wọ́n ń di ẹrù. Bí wọ́n ṣe rí Àwáwù, wọ́n mọ̀ ọ́n, àwọn ìyá sì fa ọmọ wọn mọ́ra. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, tó bẹ̀bẹ̀ lánàá, gbé igi kan, ó dúró sọ́nà. Kò sí ẹni tó kí Àwáwù nínú wọn, kò sí ẹni tó fún un ní àpótí kó jókòó.

"Fàdìlàt!" ó pè.

Aṣọ kan tí wọ́n ta sínú àtíbàbà kò mira. Àwáwù wo gbogbo ojú tó ń wò ó, ó mọ̀ pé ohun kan ṣoṣo ló kù tí òun lè sọ, ohun náà sì wúwo lẹ́nu rẹ̀ ju òkúta lọ.

"Èmi ni Ìyá Ràṣídì!" ó ní. Ó tún sọ ọ́, ó pariwo rẹ̀ jáde láàárín oko Ara. "Èmi ni! Èmi ni Ìyá Ràṣídì!"

Wọ́n ká aṣọ sókè. Ọmọ náà jáde. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti wú, òórùn omi ẹ̀gẹ́ kò tíì kúrò lára rẹ̀. Lánàá, Àwáwù kò wo ojú rẹ̀ rárá. Ó wò ó báyìí. Àgbọ̀n Zakariyah ni, iwájú orí Zakariyah ni, etí Ràṣídì náà sì wà níbẹ̀, etí kékeré tó lẹ̀ mọ́ orí, èyí tó ti gbàgbé pé Ràṣídì ní. Gbogbo ohun tó bẹ Ọlọ́run fún ló dúró síwájú rẹ̀ nínú bàtà tí kò dọ́gba.

Àwáwù kúnlẹ̀. Àgbà obìnrin, ó kúnlẹ̀ fún ọmọ ọmọ rẹ̀ lórí èèpo ẹ̀gẹ́.

"Wálé," ó ní. "Ọmọ mi, jọ̀ọ́. Yàrá rẹ wà nílẹ̀. Mo ti kùn ún. Jọ̀ọ́, jẹ́ ká lọ sílé."

Fàdìlàt ń wò ó. Ojú rẹ̀ kò le, kò sì rọ̀. Ó dà bí ẹni tó ń wá ọ̀rọ̀ nínú àpò tí ọ̀rọ̀ kò pọ̀ sí. Yorùbá tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un kò tó nǹkan, èyí tó sì fẹ́ sọ kò sí nínú rẹ̀. Ó la ẹnu, ó sọ èyí tó kọ́ lánàá, ó fara balẹ̀ sọ ọ́ lọ́kọ̀ọ̀kan kó má baà ṣì í.

"Ẹ máa lọ sílé yín."

Kò sọ 'o' lọ́tẹ̀ yìí. 'Ẹ' ló sọ, bó ṣe yẹ kí ọmọdé sọ ọ́ fún àgbà, ó sì já gaara bí ti ọmọ tí wọ́n bí sí Ẹdẹ.

Ó padà sínú àtíbàbà, aṣọ sì wálẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Àwọn obìnrin náà ń bá ẹrù wọn lọ. Ọlọ́kadà tó ti dúró tipẹ́ tẹ fèrè lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Màmá, ṣé ilé ni mo máa gbé yín lọ?" Àwáwù ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀.